Bọ́tìnì Tí A Kì Í Tẹ̀: Bí Caption Ṣe Dá Tẹlifíṣọ̀n Padà Fún Bàámi

Àkọsílẹ̀ ètò ti ọ̀sẹ̀ yìí rèé, fún ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ọkọ̀ tí íápíìsì yín ti bàjẹ́, fún ẹ̀yin tí dátà yín kò tó láti gbọ́ ọ, àti fún ẹ̀yin tó jẹ́ pé kíkà ló rọ̀ yín lọ́rùn ju gbígbọ́ lọ.

Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kéré lójú. Bọ́tìnì kan ni, ó wà lórí rìmóòtù yín. Wọ́n lè kọ CC sí i, wọ́n lè kọ SUBTITLE tàbí SUB. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò tẹ̀ ẹ́ rí. Èmi náà kò tẹ̀ ẹ́ rí, títí di ìgbà tí mo jágbe mọ́ Bàámi.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá wa bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ mọ̀ pé inú yàrá mi nílé àwọn òbí mi ni mo ti ń gba ohùn ètò yìí sílẹ̀. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín yàrá mi àti pálọ̀. Bàámi sì ti lo ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní Ṣómólú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ṣì ń fi ọwọ́ to lẹ́tà òjé. Ẹni tó bá ti gba àdúgbò yẹn kọjá mọ bí àwọn ẹ̀rọ náà ṣe ń pariwo, ká má tíì sọ ti jẹnẹrétọ̀ tó ń gbé wọn ṣiṣẹ́. Kí Bàámi tó fẹ̀yìn tì, ariwo yẹn ti mú nínú etí wọn lọ. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nílé wa. Ohun tí à ń sọ ni pé, "Bàámi fẹ́ràn ariwo jù."

Tí wọ́n bá tan ìròyìn alẹ́, ohùn á lọ sí 60, á tún gùn ún lọ sí 80. Àwọn tá a jọ ń gbé inú ọgbà á kan ilẹ̀kùn. Màámi á ní, "Bàbá Fọlákẹ́, ṣé ẹ fẹ́ fọ́ wa létí ni?" Bàámi á dín in kù díẹ̀. Tó bá ṣe díẹ̀, wọ́n á tún yí i sókè.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo ń fọ̀rọ̀ wá ẹnì kan lẹ́nu wò lórí fóònù fún ètò yìí. Ohùn tẹlifíṣọ̀n wọ inú rẹ̀ débi pé mi ò lè gé e kúrò. Mo jáde sí pálọ̀, inú ń bí mi. Mo ní, "Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dín nǹkan yìí kù! Àbí ẹ ò gbọ́ ni?"

Wọ́n wò mí. Wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n gbé rìmóòtù, wọ́n sì pa ohùn rẹ̀ pátápátá.

Ilé wa pa rọ́rọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Mo gba ètò mẹ́ta sílẹ̀, ohùn mọ́ kedere. Mi ò bi ara mi léèrè ìdí rẹ̀. Àfi lóru ọjọ́ kan tí mo jáde láti mu omi. Bàámi jókòó síwájú ìròyìn nínú òkùnkùn. Ẹnu olùròyìn ń lọ sókè sódò, kò sí ohùn kankan.

Mo ní, "Bàámi, kí lẹ ń gbọ́ níbẹ̀?"

Wọ́n ní, "Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ẹnu wọn ni mò ń wò. Tí mo bá yí i sókè, ó ń dí yín lọ́wọ́. Tí mo bá yí i wálẹ̀ bí ẹ ṣe fẹ́ ẹ, èmi ò mọ ìgbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí ìgbà tí wọ́n dákẹ́. Mo kúkú pa á."

Ẹ̀yin ará mi, ohùn ni iṣẹ́ mi. Ohùn ni mo fi ń jẹun. Ohùn sì ti ń fi bàbá mi sílẹ̀ lójú mi, èmi ń bínú pé wọ́n ń pariwo. Ilẹ̀ ọjọ́ yẹn mọ́ bá mi lójú ni, tí mò ń wá ohun tí mo lè ṣe. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé bọ́tìnì yẹn.

Kí ni closed caption gan-an?

Gbogbo wa la mọ ọ̀rọ̀ tó ń jáde nísàlẹ̀ àwòrán. Fíìmù Yorùbá ti kọ́ wa: òṣèré á sọ Yorùbá lẹ́nu, Gẹ̀ẹ́sì á máa sáré lábẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé ẹ ò lè pa Gẹ̀ẹ́sì yẹn. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ mọ́ àwòrán lára, ó ti di ara fíìmù. Irú ìyẹn ni wọ́n ń pè ní open caption, èyí tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Closed caption ní tirẹ̀ wà ní ìpamọ́. Ó ń bá àwòrán rìn, àmọ́ kò ní yọjú àfi tí ẹ bá pè é. Ẹ lè tàn án, ẹ lè pa á, ẹ sì lè yí bí lẹ́tà rẹ̀ ṣe tóbi tó àti àwọ̀ rẹ̀ padà nígbà mìíràn.

Ìyàtọ̀ kejì ló ṣe pàtàkì jù. Subtitle lásán gbà pé ẹ ń gbọ́ràn, èdè yẹn ni ẹ ò gbọ́. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ló ń kọ. Caption gbà pé ẹ ò gbọ́ ohùn rárá. Torí èyí, ó tún máa ń kọ ohun tí etí ìbá ti sọ fún yín: [ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn], [ìbọn dún], [ọmọdé ń sunkún nínú yàrá]. Ó máa ń sọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tí ojú onítọ̀hún kò bá sí nínú àwòrán. Ó máa ń fi àmì orin hàn tí orin bá ń lọ. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, subtitle ni wọ́n ń pe méjèèjì, ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa rí orúkọ méjì lórí rìmóòtù oríṣiríṣi.

Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀

Ní ọdún 1972, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WGBH ní ìlú Boston gbé ètò oúnjẹ Julia Child tó ń jẹ́ The French Chef jáde pẹ̀lú ọ̀rọ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀. Èyí tó ṣí sílẹ̀ ni. Ní ọdún yẹn kan náà, wọ́n ṣe àfihàn èyí tó lè farapamọ́ ní Gallaudet, ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn adití ní ìlú Washington. Ó di ọjọ́ 16 oṣù kẹta ọdún 1980 kí àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi closed caption ránṣẹ́ déédéé.

Ọgbọ́n tí wọ́n dá dùn mọ́ mi gan-an. Tẹlifíṣọ̀n ayé ìgbà yẹn máa ń ya àwòrán ní ìlà-ìlà, 525 ìlà ní Amẹ́ríkà. Kì í ṣe gbogbo ìlà yẹn ni ojú ń rí. Inú ìlà 21, níbi tí kò sí àwòrán, ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sí. Ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ kan kò gbọdọ̀ ju lẹ́tà 32 lọ. Ẹni tó bá fẹ́ rí i ní láti ra àpótí kan lọ́tọ̀, dikódà, kó sì so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n rẹ̀. Owó tabua ni. Àwọn tó nílò rẹ̀ jù ló ń san owó lé owó kí wọ́n tó rí ohun tí àwọn yòókù ń gbọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Òfin ló yí i padà. Ní ọdún 1990, Amẹ́ríkà ṣe òfin pé kí wọ́n máa kọ́ dikódà yẹn mọ́ inú tẹlifíṣọ̀n gan-an. Láti oṣù keje ọdún 1993, gbogbo tẹlifíṣọ̀n tuntun tó bá tó íǹṣì 13 tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ní láti ní i. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, BBC ti bẹ̀rẹ̀ Ceefax láti ọdún 1974, ojú ewé 888 sì ni wọ́n máa ń tẹ̀ láyé Ceefax láti rí subtitle. Ẹ bi àwọn ẹ̀gbọ́n yín tó dàgbà sí Peckham, nọ́ńbà yẹn lè má ṣàjèjì sí wọn.

Nílé wa níbí, ìlànà DVB tó ti Yúróòpù wá là ń lò, ìyẹn ló fà á tó fi jẹ́ pé SUBTITLE ni ẹ máa rí lórí ọ̀pọ̀ rìmóòtù wa ju CC lọ. Àwa náà ti ní òfin tó kọ ìyàsọ́tọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara. Oṣù kìíní ọdún 2019 ni Ààrẹ fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n òfin nínú ìwé kì í tan caption. Ẹnì kan ní láti jókòó kọ ọ́, ẹlòmíràn ní láti tẹ bọ́tìnì.

Bí ẹ ṣe máa tàn án

Ibi tí mo ti jìyà rèé, kí ẹ̀yin má baà jẹ irú rẹ̀.

Mo kọ́kọ́ lọ sínú Settings tẹlifíṣọ̀n wa. Mo rí Accessibility, mo rí Captions níbẹ̀, àmọ́ ó ti ṣú, kò ṣeé tẹ̀. Mo rò pé tẹlifíṣọ̀n ló bàjẹ́. Mo pa á, mo tún un tàn. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pe oníṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n.

Kò sí ohun tó ṣe é. Wáyà HDMI ló so dikódà wa mọ́ tẹlifíṣọ̀n, wáyà yẹn kì í sì í gbé caption kọjá lọ́tọ̀. Àwòrán àti ohùn ló ń gbé. Nítorí náà, tẹlifíṣọ̀n kò rí ọ̀rọ̀ kankan tó lè tàn. Dikódà ló gbọ́dọ̀ kọ ọ̀rọ̀ sórí àwòrán kó tó fi ránṣẹ́. Òfin tó yẹ kí ẹ há sórí nìyí: ibi tí àwòrán ti ń wá ni kí ẹ ti tan caption.

Tó bá jẹ́ dikódà lẹ fi ń wò ó, rìmóòtù dikódà ni kí ẹ mú, kì í ṣe ti tẹlifíṣọ̀n. Ẹ wá bọ́tìnì SUBTITLE, tàbí kí ẹ lọ sí Settings kí ẹ wá Language tàbí Subtitles. Ẹ mọ̀ pé ìkànnì kan lè ní i kí òmíràn má ní i. Tí ilé iṣẹ́ tó ń gbé ètò jáde kò bá fi ọ̀rọ̀ sí i, kò sí bọ́tìnì tó lè pè é jáde.

Tó bá jẹ́ áńtẹ́nà lẹ so tààrà mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ìgbà yẹn ni Settings tẹlifíṣọ̀n yóò ṣiṣẹ́. Abẹ́ Accessibility ni ó sábà máa ń wà.

Tó bá jẹ́ áàpù bíi Netflix tàbí YouTube, inú áàpù yẹn ni kí ẹ ti ṣe é. Lórí Netflix, ẹ dá fíìmù dúró, ẹ wá Audio & Subtitles. Tí ẹ bá rí English tí wọ́n kọ CC sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, òun ló ń kọ ìró ilẹ̀kùn àti ìbọn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu. Lórí YouTube, ẹ tẹ CC. Tí ẹ bá rí auto-generated, ẹ̀rọ ló kọ ọ́ fúnra rẹ̀, kì í ṣe ènìyàn. Láti ọdún 2009 ni YouTube ti ń ṣe é. Ó wúlò, àmọ́ tó bá kan orúkọ àwọn ará ilé wa, á pa yín lẹ́rìn-ín.

Tó bá jẹ́ fíìmù inú fláàṣì, ẹ lè wá fáìlì subtitle rẹ̀, èyí tí orúkọ rẹ̀ máa ń parí sí .srt. Ẹ fi í sínú fódà kan náà pẹ̀lú fíìmù, kí ẹ sì jẹ́ kí orúkọ méjèèjì bára mu. Tí fíìmù bá ń jẹ́ ile.mp4, kí subtitle máa jẹ́ ile.srt. Tí lẹ́tà kan bá yàtọ̀, ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n kò ní rí i.

Lórí fóònù yín, ẹ wá Accessibility nínú Settings. Ọ̀pọ̀ Android láti Android 10 ti ọdún 2019 ló ní Live Caption, tó lè kọ ohun tó ń dún nínú fóònù sílẹ̀ láwọn èdè kan, kódà lórí fídíò tí ẹnikẹ́ni kò fi caption sí. Lórí iPhone, ẹ wá Subtitles & Captioning.

Ẹ má gbàgbé ìwọ̀n lẹ́tà. Àwọn àgbà nílé kò ríran bíi tiwa. Mo fi lẹ́tà Bàámi sí ńlá, funfun lórí dúdú. Kí a tan caption tí wọn ò lè kà, àfi bí ẹni gbé oúnjẹ sókè àjà fún arúgbó.

Alẹ́ àkọ́kọ́

Lálẹ́ ọjọ́ tí mo rí i tàn, Bàámi kò sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wọ́n wọ awò ojú wọn, wọ́n ń kà á. Mo ti ń bẹ̀rù pé kò dùn mọ́ wọn. Ni wọ́n bá na ìka sí ojú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ní, "Fọlákẹ́, wọ́n ṣi ọ̀rọ̀ yìí kọ. Ta ló yẹ̀ ẹ́ wò kó tó jáde?"

Atẹ̀wé kì í fẹ̀yìn tì tán.

Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ohun tí wọn kì í rí. Wọ́n rí i pé nínú fíìmù Yorùbá, bàbá àgbà lè pa òwe mẹ́ta léra wọn, kí Gẹ̀ẹ́sì ìsàlẹ̀ kàn sọ pé kó ṣe sùúrù. Wọ́n rí i pé tí bọ́ọ̀lù bá ń lọ lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ máa ń pẹ́ kó tó dé. Mo ṣàlàyé fún wọn pé ètò tó ń lọ lọ́wọ́ kò ní ìwé tí wọ́n ti kọ sílẹ̀. Ènìyàn kan ló ń gbọ́ ọ tó ń tẹ̀ ẹ́ lórí ẹ̀rọ pàtàkì kan, tó ń tẹ bọ́tìnì púpọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni tẹ dùùrù. Tàbí kẹ̀, ó ń tún ọ̀rọ̀ náà sọ sínú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú ohùn tó já gaara, kí kọ̀ǹpútà lè kọ ọ́. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, yóò gba ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Bàámi ní, "Bọ́ọ̀lù ti wọlé tán, wọ́n ṣì ń kọ ọ́ pé ó ń bọ̀." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí gbogbo wa ti jọ rẹ́rìn-ín sí nǹkan kan náà lẹ́ẹ̀kan náà nínú pálọ̀ yẹn.

Ohùn tẹlifíṣọ̀n wà ní 20. Kò sẹ́ni tó kan ilẹ̀kùn.

Mo tún gbọ́dọ̀ sọ èyí: caption kì í ṣe oògùn etí. A mú Bàámi lọ sọ́dọ̀ dókítà etí lẹ́yìn náà, ó sì yẹ kí a ti lọ láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé ó lé ní 430 mílíọ̀nù ènìyàn tó nílò ìtọ́jú nítorí ìgbọ́ràn tó ti dín kù. Tí ẹnì kan nílé yín bá ń yí ohùn sókè lójoojúmọ́, ẹ má pè é ní aláriwo. Ẹ bi í bóyá ó ń gbọ́.

Yorùbá ńkọ́?

Ibi tó dùn mí jù nìyí. Lẹ́yìn oṣù kan, Bàámi bi mí pé, "Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n ń kọ. Ìgbà wo ni wọ́n máa kọ ọ́ ní Yorùbá?"

Àwọn lẹ́tà inú ìlà 21 àtijọ́ kò tiẹ̀ ní ẹ, ọ àti ṣ. Ẹni tó ṣe é kò rò wá mọ́ ọn. Lónìí, kò sí àwáwí yẹn mọ́: tí ẹ bá fi fáìlì .srt pamọ́ ní UTF-8, gbogbo lẹ́tà àti àmì wa ló lè gbà. Àwa tó ń ṣe fídíò àti ètò ló kù.

Tí a bá sì fẹ́ kọ ọ́, a ò gbọdọ̀ kọ ọ́ láìsí àmì. Àwa tá a ń gbọ́ràn máa ń sọ pé, "Ṣebí ó yé yín, kí ni àmì fẹ́ ṣe?" Ó yé wa torí pé etí ti ràn wá lọ́wọ́. Ẹ wo obìnrin kan nínú fíìmù tó sọ pé òun ń wá ọkọ. Àbí ọkọ̀ ló ń wá? Àbí ọkọ́ tó fẹ́ fi ro oko? Ẹni tó gbọ́ ohùn rẹ̀ ti mọ̀. Ẹni tí kò gbọ́ kò ní nǹkan mìíràn tó lè dì mú ju àmì kékeré tó wà lórí lẹ́tà yẹn lọ. Lójú tiwa, ẹ̀ṣọ́ ni. Lójú tirẹ̀, òun ni ohùn.

Ìlù náà wà níbẹ̀. Caption á kọ ọ́ pé ìlù ń dún. Ṣùgbọ́n dùndún kì í kàn dún, ó ń sọ̀rọ̀. Ó lè máa ki ọba, ó lè máa kìlọ̀ fún ẹni tó ń wọlé bọ̀ pé ewu ń bẹ. Tí a bá kọ ọ́ pé ìlù ń dún, a ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Ohun tí ìlù wí ló yẹ kí a kọ.

Kí ẹ tó lọ

Iṣẹ́ méjì ni mo fẹ́ bẹ̀ yín fún lọ́sẹ̀ yìí. Àkọ́kọ́, ẹ tan caption lórí tẹlifíṣọ̀n àwọn òbí yín àti lórí fóònù wọn. Ẹ má kàn sọ fún wọn pé ó wà. Ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ bá wọn yan ìwọ̀n lẹ́tà, kí ẹ sì fi bí wọ́n ṣe lè pa á hàn wọ́n. Èkejì, tí ẹ bá ń gbé fídíò sórí TikTok tàbí Instagram, ẹ fi ọ̀rọ̀ sí i, kí ẹ sì kà á wò kí ẹ tó gbé e jáde, torí ẹ̀rọ á ṣi orúkọ kọ.

Àkọsílẹ̀ tí ẹ ń kà yìí pàápàá, ọdún tó kọjá ni a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, torí a rò pé á jẹ́ kí Google tètè rí wa. Ìdí tí mo fi ń ṣe é ti yàtọ̀ báyìí. Bàámi kò tíì gbọ́ ètò wa kan rí tán. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ka gbogbo rẹ̀ látòkèdélẹ̀. Àwọn ló ń yẹ àmì rẹ̀ wò fún mi lálẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, pẹ̀lú bírò pupa. Tí ẹ bá rí àṣìṣe níbí, èmi ló ni ín. Mo tún nǹkan kan kọ lẹ́yìn tí wọ́n ti lọ sùn.